Ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ

Ẹ̀yin òbí wa l'Óṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọ tó bá ń ti abọ́ sẹ́yìn lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó jẹ nígbà tí ilé ìwé parí. Bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sábà máa ń gba ààyè oúnjẹ. Ẹ fi wákàtí 2 sí àárín ìpápánu àti oúnjẹ gidi. Omi nìkan ni kó mu láàárín rẹ̀.

Èyí tí kò fẹ́ rí ẹ̀wà, ẹ fi mọ́ínmọ́ín gbà á. Ife ẹ̀wà olóyin 2, tàtàṣé 2 tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, àlùbọ́sà kékeré 1. Ẹ má fi ata rodo sí i. Ẹ bó èèpo ẹ̀wà náà tán pátápátá, torí èèpo tó ṣẹ́kù ni ahọ́n ọmọ kọ́kọ́ máa ń bá pàdé. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kó ki bí ẹ̀kọ mímu. Omi bá pọ̀ jù, kò ní dì. Ẹ fi ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sí i.

Ti ẹ̀fọ́, ṣíbí 1 péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fẹ́ràn tó. Ó lè kọ̀ ọ́ nígbà 10 kó tó gbà. Ẹ má fi sùwíìtì bẹ̀ ẹ́, àbí kí ló tún máa fẹ́ràn ju sùwíìtì lọ? Ẹ mú un lọ sí Ọjà Ọba kó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹ̀fọ́, kó sì bá yín já a.

Tó bá ń rù, ẹ gbé e lọ rí dókítà.