Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ WipEout láì máa fi imú sọ ògiri

Nílé gèémù ní Lágere tàbí Mayfair, n'Ílé-Ifẹ̀, ẹni tó gba páàdì WipEout, gèémù ìsáré ọkọ̀ tó ń léfòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í pẹ́ dá a padà: "Ọkọ̀ yìí ò gbọ́ràn!" Ó gbọ́ràn. Bíréèkì ni wọn ò lò.

Ẹjọ́ náà ti pẹ́. Psygnosis, iléeṣẹ́ kan ní Liverpool, gbé WipEout jáde fún PlayStation lọ́dún 1995. Àwọn tó ń yẹ gèémù wò yin àwòrán àti orin rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ráhùn pé ó le jù: ọkọ̀ tó bá sọ ògiri, ṣe ló máa dúró lójijì. Nínú WipEout 2097, lọ́dún 1996, ọkọ̀ lè fi ara ha ògiri kọjá. Omega Collection, àkójọ WipEout ti PS4 (2017), là ń sọ níbí. Gèémù WipEout mẹ́ta, HD, Fury àti 2048, ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi tẹlifíṣàn sí Game Mode. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán á máa pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́. Kí ojú tó rí kọ́nà, ẹ ti wọ ògiri. Bọ́ọ̀lù lè fara da ìyẹn, eré yìí ò lè fara dà á. NEPA kì í sì í kanlẹ̀kùn kó tó mú iná lọ, nítorí náà ẹ so PS4 mọ́ inverter. Bí iná bá lọ níbi tí gèémù ti ń tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé, ó lè bà á jẹ́.

Ẹ mú ọkọ̀ ẹgbẹ́ Feisar, ó rọrùn láti darí. Assegai tó ń ṣojú Áfíríkà á wù yín, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Venom, ìpele tó lọ́ra jù, kí ẹ sì tan Pilot Assist. Ó máa ń ti ọkọ̀ kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀nà, ẹ pa á, torí ó máa ń bá yín du ọwọ́ níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ fẹ̀gbẹ́ họ kọ́nà.

Kọ́nà gan-an nìṣòro. L2 ni bíréèkì òsì, R2 ni tọ̀tún. Bí kọ́nà ọ̀tún bá ń bọ̀, ẹ má fi X, bọ́tìnì eré, sílẹ̀. Ẹ darí sọ́tùn-ún, kí ẹ fọwọ́ ba R2 díẹ̀ kí ẹ tó wọ kọ́nà, kí imú ọkọ̀ ti kọjú síbi tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, ìdí ọkọ̀ á gbá ògiri, eré á sì dínkù. Kọ́nà tó bá ká gan-an, ẹ tẹ R2 lẹ́ẹ̀mejì kíákíá: ọkọ̀ á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun ìjà tẹ́ ẹ bá he, Square ló ń yìn ín, Circle ló ń sọ ọ́ di agbára ọkọ̀. Àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń yin gbogbo rẹ̀ dànù, tí ọkọ̀ wọn á sì fọ́ ní ìyípo tó kẹ́yìn.

Ọkọ̀ HD tó bá wà lófuurufú lè yí po: òsì-ọ̀tún-òsì, kíákíá. Ó ń jẹ agbára ọkọ̀, ṣùgbọ́n tó bá balẹ̀, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i. Tí agbára bá ti kéré, ẹ má dán an wò.

Ẹni tó ní wárápá kò gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀. Iná tó ń kọ mànà lójú rẹ̀ pọ̀. Àyẹ̀wò irú iná bẹ́ẹ̀ tí HD kùnà ló fà á tí ìjáde rẹ̀ fi pẹ́ lọ́dún 2008.