Bí mo ṣe fi páálí Indomie àti àlọ́ Màmá ṣe ìwé kíkà fáwọn ọmọ mi

Ẹni tó bá lọ́mọ ní nọ́sìrì l'Ógbómọ̀ṣọ́ ńbí á mọ ohun tí mò ń sọ, ọmọ á ka A for apple dé Z for zebra láìmí, ṣùgbọ́n ẹ kọ "ilé" sílẹ̀ fún un kẹ́ ẹ wò ó, á kàn máa wo yín lójú ni. Àdùnní mi ti pé ọdún mẹ́fà, àbúrò ẹ̀ Àkànní jẹ́ mẹ́rin, Yorùbá ló kún ẹnu àwọn méjèèjì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì séyìí tó lè ka ìlà kan níbẹ̀. Àwọn ìwé ọmọdé tí mo rí lọ́jà, lẹ́tà wọn wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ inú wọn ò sì jọ èyí tí à ń sọ nílé. Mo ní ó dáa, màá ṣe tèmi.

Àlọ́ àpamọ̀ ni mo mú, n ò mú ti ìjàpá. Ti ìjàpá dùn o, àmọ́ ó gùn, ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà á ti sùn kó tó parí ojú ewé kan. Àpamọ̀ ò ju ìlà kan sí méjì lọ, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ ọ́n sórí torí Màmá, ìyá ọkọ mi, ló máa ń pa á fún wọn tí NEPA bá ti múná lọ. Ọmọ tó bá ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó ṣíwèé, iṣẹ́ tó kù fún un ò ju kó máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó sí, ẹ̀rù kì í bà á.

Mò ń ta pròfíṣọ̀n nítòsí Tákìé, páálí ò wọ́n mi. Mo gé e kó tó ìwọ̀n ìwé ẹkísásáìsì, mo lẹ bébà funfun mọ́ ọn tojú tẹ̀yìn, sítáàṣì aṣọ ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ó mú dáadáa. Mo fi ìṣó lu ihò sétí ẹ̀, mo ki okùn bàtà àtijọ́ bọ̀ ọ́, mo so ó, ìwé dé nìyẹn. Máàkà dúdú ni mo fi kọ ọ̀rọ̀, gbàǹgbà gbàǹgbà, mo wá fi bírò pupa fi àmì ohùn sí i, kí àmì lè yàtọ̀ lójú ọmọ. Iwájú ewé ni ìbéèrè wà, ẹ̀yìn ewé ni ìdáhùn àti àwòrán, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì ya àwòrán ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á o, kódà kó rí wúruwùru. Ọmọrógùn tí Àkànní yà sẹ́yìn "Òkun ń hó yaà, ọ̀sà ń hó yaà, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́" jọ ejò tó gbé àwo lórí, àmọ́ bó bá ti dé ewé yẹn báyìí, igbe ló máa ń ké.

Tá a bá fẹ́ kà á, màá yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, òun la fi ń tọ́ka. Mo kọ́kọ́ kà á lẹ́ẹ̀kan, ìgbálẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹnu mi, lẹ́yìn náà gbogbo wa á jọ kà á, lẹ́yìn náà Àdùnní nìkan. Bó bá ti já gaara lórí ewé kan, màá tún àlọ́ yẹn kọ sórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́, màá gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, màá dà á pọ̀, òun á wá tò ó padà. Ibí yìí lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó ń kà á lóòótọ́ àbí ó kàn ń kọ ọ́ lórin, torí kò sóhun tó ń ràn án lọ́wọ́ mọ́ ju lẹ́tà lọ.

Màmá ò mọ ìwé kà. Ó kọ́kọ́ ní kí n fi òun sílẹ̀ jàre, pé ọ̀rọ̀ ìwé ò kan òun. Ó wá di alẹ́ kan tí Àdùnní ń ka "Awẹ́ obì kan, à jẹ d'Ọ́yọ̀ọ́", ó wò ó bíi Gẹ̀ẹ́sì, kò ka àmì orí ẹ̀ sí, ló bá pè é ní òbí. Màmá tó ń ṣa ẹ̀wà nígun gbórí sókè, ó ní "Ta ló jẹ òbí ẹ? Obì ni, Àdùnní, ob-ì, wálẹ̀!" Ọmọ wo páálí, ó rí àmì pupa tó lọ sísàlẹ̀, ó tún un kà. Látọjọ́ yẹn, Màmá ló ń gbọ́ ohùn fún wa, ọmọ ń kà, òun ń tún un ṣe láti ibi tó wà, dò re mí ò sì lè ṣì í lọ́wọ́. Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ò kàwé tẹ́ ẹ ò fi lè bọ́mọ kàwé, mi ò gbà fún yín mọ́.

Lẹ́tà wá ńkọ́? Mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sórí páálí kéékèèké, a b d títí dé y. Gb ló dá wàhálà sílẹ̀, Àdùnní ní méjì ni, mo ní ọ̀kan ni, mo sì kọ orúkọ ìlú wa sílẹ̀ fún un, ó gbà tipátipá.

Bàbá wọn ló ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ á bàjẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ilé ìwé kan wà tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, n ò mọ irú ìwà wo nìyẹn. Mo rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pírámárì, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan láàárín ìyókù, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Ó ní òun ti gbọ́. Òun náà ló lọ ra kíréyọ̀nù lọ́jọ́ kejì.

Báyìí ìta la ti ń kàwé. Tá a bá ń lọ sọ́jà Wàsó, ẹ̀yìn mọ́tò, ara ògiri, gbogbo ibi tí wọ́n bá kọ Yorùbá sí la ń dúró sí. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kan báyìí, Àdùnní na ìka, ó kà á sókè ketekete: "Ẹ má tọ̀ síbí!" Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó kọjú sógiri, ẹ ò rí bó ṣe sáré fa sípù. Mo ní ẹ má bínú sà, ìwé ló ń kà.