Mítà Ní Iná Wà, Fáànù Kọ̀ Kò Yí

Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìwó Road, n'Íbàdàn, ló tú àṣírí mọ́tò mi. Bí mo bá ń sáré, ara ẹ̀ á balẹ̀, géèjì ooru ẹ́ńjìnnì á dúró sáàárín. Bí a bá ti tò pẹ́ báyìí, ọwọ́ géèjì á máa gòkè lọ síbi pupa. Mo pa AC, mo wá ṣí afẹ́fẹ́ gbígbóná sílẹ̀ pátápátá kó lè bá ẹ́ńjìnnì fa ooru dànù. Òógùn bò mí bí ẹni tó ń ro àmàlà títí mo fi rí ibi dúró sí.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì ń hó, fáànù ẹ̀yìn rédíétọ̀ dákẹ́ bí ẹni tí wọn ò bá wí. Ẹnì kan ní kí n ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí n bu omi sí i. Mo ní rárá o, mo ti rí ẹni tí omi rédíétọ̀ bó lójú rí. Mo jókòó tì í títí ó fi tutù.

Réwáyà àdúgbò wa ò tiẹ̀ yọ mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, òun náà á máa yí." Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: wáyà tínínrín, kò ní fíúsì, fáànù á máa yí láìsinmi, ìbáà jẹ́ nínú òjò, títí yóò fi jóná. Àìsàn gan-an á ṣì wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé mọ́tò mi relé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ́kọ́ yọ kọ́kọ́rọ́, torí fáànù mìíràn wà tó lè dédé yí lẹ́yìn tí èèyàn ti pa mọ́tò, ìka kì í sì í hù padà. Mo fọwọ́ yí i, ó yí wẹ́rẹ́. Mo da omi tó ti dínkù sí i, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo tan AC. Nínú mọ́tò tèmi, AC àti fáànù jọ máa ń dìde ni, ẹ́ńjìnnì ìbáà tutù. Fáànù ò dìde. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sáré lọ ra sensor tó ń wo bí omi ṣe gbóná.

Fíúsì 30 amp rèé, mo fà á yọ, mítà ké pìì: ó dáa. Relay ẹ̀, ìyẹn suwíìṣì tó ń gbé iná fún un, bá ti họ́ọ̀nù mu, mo pààrọ̀ wọn. Họ́ọ̀nù ké, fáànù ò mira. Mo fa wáyà méjì láti orí bátìrì, mo fi fíúsì sáàárín ọ̀kan, mo kàn án mọ́ fáànù. Yéè! Ó fẹ́ ewé gbígbẹ sí mi lójú. Ó wá ku wáyà nìkan.

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, AC wà ní títàn, mo ki ẹnu mítà méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sí fáànù: 13.8 volt. Iná pé pérépéré. Mo dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, fáànù kọ̀. Mo pa á, mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Ìdí ẹ̀bà ni ọgbọ́n ti dé. Mítà kàn ń tọ́ iná wò ni. Bó bá jẹ́ fọ́nrán kan péré ló kù nínú wáyà, á ní iná pé. Fáànù kì í tọ́ ọ wò, ṣe ló ń gbé e mu. Mo yọ gílóòbù iná iwájú, 55 watt, mo so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn dípò fáànù. Ó kàn pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Bó ṣe wà lórí ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fi ẹnu mítà kan kan wáyà dúdú, mo fi èkejì kan orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Ibẹ̀ kò yẹ kó kà ju bíńtín lọ. Ó ka volt mẹ́sàn-án! Earth ni, ìyẹn wáyà dúdú tó ń dá iná padà sí bátìrì.

Mo tọ wáyà dúdú yẹn dé abẹ́ àwo bátìrì, níbi tí wọ́n ti fi bóòtù 10 dè é mọ́ irin. Téèyàn bá wò ó lókèèrè, kò sóhun tó ṣe é. Mo fi ọ̀bẹ la rọ́bà ẹ̀, nǹkan bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé dà sí mi lọ́wọ́. Ásíìdì bátìrì ti jẹ bàbà inú ẹ̀ ku fọ́nrán méjì. Mo gé e títí mo fi kan bàbà tó ń dán, mo fún orí tuntun mọ́ ọn, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Mo ha ọ̀dà ojú irin, mo dè é pinpin, mo fi gíríìsì bò ó. Mo tún fi gílóòbù wò ó: ó mọ́lẹ̀ yòò, mítà ka 0.1.

Mo dá fáànù padà, mo tan AC, ó dìde lójú ẹsẹ̀. Mo pa AC, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, mo gbé àpótí tì í. Géèjì dé àárín, fáànù dìde fúnra ẹ̀, ó sinmi, ó tún dìde. Ìgbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹta ni èmi náà tó dìde.

Mo jáde nírọ̀lẹ́ láti lọ dán an wò nínú gósílò. Nígbà tí mo dé, ìyàwó mi ń ṣí géètì. "Bàbá Ìbejì, ta ló fọ́ mọ́tò yín lójú?" Gílóòbù ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò mi.