Bí ọmọ SS ṣe lè máa gbá bọ́ọ̀lù, ṣe díbéètì tàbí kọrin ní kúáyà, kí ìwé má sì dẹnu kọlẹ̀

Mú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí pín, yí i sẹ́yìn, fi rúlà pín in sí ọjọ́ méje. Má wulẹ̀ náwó sórí páálí. Kọ àsìkò ilé ìwé, lẹ́sìnnì, prátíìsì, iṣẹ́ ilé àti oorun sí i, ibi tó bá ṣófo ni ti ìwé.

Lẹ́yìn náà, yan méjì péré: ọ̀kan tó ń gba agbára bíi bọ́ọ̀lù, ọ̀kan tó jẹ́ ti ọpọlọ tàbí ohùn, bíi díbéètì, JETS (ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì) tàbí kúáyà. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lo máa gbé lọ sí WAEC, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Báyọ́lọ́jì kálukú ló sì ní práátíkàlì tiẹ̀, tó o bá wá kó ẹgbẹ́ mẹ́rin lé e lórí, ọ̀kan á já bọ́.

Ibi tí mo ti ń rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń fìdí jánlẹ̀ rèé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Prátíìsì gan-an kọ́ ló ń pa ìwé wọn, nóòtì tí tísà fún kíláàsì nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀ ni. Wọ́n mú ẹ lọ díbéètì ní Òṣogbo, àárọ̀ lẹ kúrò n'Ífẹ̀, ìrọ̀lẹ́ lẹ tó padà dé Lágeéré n'Ífẹ̀, tísà Máàtì ti wọ lọ́gárídíìmù. Lọ́jọ́ kejì o gba nóòtì ọ̀rẹ́ ẹ, o snáàpù ẹ̀, o ní tó bá di Sátidé wàá kọ ọ́. O ò ní kọ ọ́. Á wà láàárín fọ́tò inter-house àti fọ́tò bọ́ọ̀dè, títí tísà á fi ní kẹ́ ẹ kó nóòtì wá fún máàkì, ìgbà yẹn lo máa wá fi odindi òru kọ ọ́, ọwọ́ ń kọ, orí ò gbà á, tẹ́ẹ̀sì dé, o ń wo ìbéèrè bí ẹni tí ò rí i rí.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Ra ìwé 60 leaves kan, báàgì bọ́ọ̀lù ni kó máa gbé. Kó o tó rìnrìn-àjò, wá ẹnì kan tó ń kọ nóòtì pé fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kò dandan kó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ, ọ̀rẹ́ míì máa ń fo dáyágíráàmù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kọ àkọlé, ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ kan ṣoṣo. Ká ní log₂ 8 ni, bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, ṣe é fúnra ẹ. Tó o bá rí 3, tó o sì mọ bó ṣe jẹ́ 3, ìyókù lè dúró di Sátidé. Tí ò bá yé ẹ, òun lo máa gbé lọ bá tísà kí ásẹ́ḿbílì tó bẹ̀rẹ̀. Tísà kì í lé ọmọ tó mú ìbéèrè kan pàtó wá, èyí tó ń bí wọn nínú ni "Sà, mi ò sí níbẹ̀, ẹ bá mi ṣàlàyé gbogbo ẹ̀."

Tó o bá ti prátíìsì dé, má fara kan bẹ́ẹ̀dì. Wẹ̀, jẹun díẹ̀, jókòó ti tábìlì, èyí tó le jù ni kó o kọ́kọ́ mú. Iná tó o lè ṣájì ni mo fẹ́ràn ju fóònù lọ, fóònù á ní kó o wo WhatsApp. Aago mẹ́wàá, sùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má rán an níṣẹ́ láàárín wákàtí yẹn, ẹ dákun.

Ti SS3 yàtọ̀. Táàmù kejì ni inter-house, mock àti ìmúrasílẹ̀ JAMB máa ń kó jọ, ìbéèrè 180 sì ni JAMB máa bi ẹ ní wákàtí méjì, ó gba kó o máa fi aago dán ara ẹ wò. Láti táàmù kìíní ni kó o ti sọ fún kóòṣì, kí òbí ẹ bá ẹ lọ, pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lo máa lè wá. O lè máa bá kúáyà lọ, àmọ́ tó bá wá di ọ̀sẹ̀ JAMB, sọ fún ọ̀gá kúáyà pé ó di Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e.