Sọ́fítíwíà tí mo rà fún ṣọ́ọ̀bù mi l'Àjàṣẹ́, àti owó tí wọn ò sọ fún mi

Ẹ jẹ́ n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù. Àwọn tó tà á fún mi pe iye kan, pé iye tí màá máa san nìyẹn lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá máa lo sọ́fítíwíà náà, mo gbà, mo san àsansílẹ̀, ìgbà tá a wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n tó là á mọ́lẹ̀ pé facture normalisée, ìwé owó ọjà tó ń ní kódù àwọn owó orí lára, ò sí nínú ẹ̀, pé ó ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí o! Iṣẹ́ kí wá ni sọ́fítíwíà ọjà fẹ́ ṣe fún mi níbí tí kò bá lè gbé facture normalisée jáde?

Táìlì, símẹ́ńtì àti ọ̀dà ni mò ń tà ní Ouando. Ìwé la fi ń kọ ọjà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó wà ní sítọ́ọ̀ kì í dọ́gba mọ́, ni mo bá ní kí n wá èyí tó máa kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ọjà tó wọlé, èyí tó jáde, gbèsè, owó orí, ohun tí wọ́n ń pè ní ERP. Bí mo ṣe wá a, bí wọ́n ṣe kó orúkọ ọjà sínú ẹ̀, ìyẹn ò le, mi ò ní fi yín pẹ́ níbẹ̀.

Mo san owó kejì yẹn náà, facture sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àfi ọjọ́ tí oníbàárà kan dá páálí táìlì mẹ́fà padà, gbogbo ẹ̀ ti là. Owó ẹ̀ ni mo fẹ́ dá padà fún un, mo sì gbọ́dọ̀ fún un ní facture d'avoir, ìwé tó ń fi hàn pé a ti dá owó facture àkọ́kọ́ padà. Bí e-MECeF, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn owó orí fi ń fi kódù sí facture, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: sọ́fítíwíà yín á fi ọjà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà owó orí ẹ̀, B ni ti ọjà tó ń san TVA (owó orí lórí ọjà) 18%, A ni ti èyí tí kì í san, wọ́n á dá àròpọ̀ padà, ẹ ó fọwọ́ sí i, kódù àti QR á wá jáde. Tó bá jẹ́ avoir, ẹ gbọ́dọ̀ kọ kódù facture àkọ́kọ́ sí i. Sọ́fítíwíà tiwọn ò ní ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí! Ó lọ, wọ́n kọ̀ ọ́, ó tún lọ, wọ́n tún kọ̀ ọ́, oníbàárà jókòó síwájú mi ó ń wojú mi.

Mo pè wọ́n. Ọmọkùnrin tó gbé e ní, "Màmá, ẹ ṣáà dá ọjà náà padà sí sítọ́ọ̀, ó ti parí." Ó parí báwo? TVA tó wà lórí facture àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé kí n san owó orí lórí owó tí mo ti dá padà ni? Wọ́n tún ní orí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo oníbàárà wọn jọ ń lò, ni tèmi wà, àwọn ò lè tìtorí ẹnì kan yí i padà, àfi tí mo bá gba sáfà tara mi, owó ìyẹn sì ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún mi lọ. Inú bí mi gan-an.

Ni èmi, comptable mi tó ń bá mi ṣírò owó, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ kọ̀ǹpútà bá jókòó láti wá sọ́fítíwíà míì. Odoo tó ti Bẹ́ljíọ̀mù wá pín sí méjì, Community ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n inú Enterprise tí wọ́n ń sanwó fún ni ìṣirò owó ti pé. ERPNext ti Íńdíà, ìṣirò owó wà nínú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ó fẹ́ ẹni tó mọ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) dáadáa. Dolibarr tó ti Faransé wá, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lásán, kódù tí wọ́n fi kọ ọ́ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọṣẹ́ lè fi ohun tó kù kún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni comptable bi wá, ṣé ó mọ SYSCOHADA, ìlànà ìṣirò owó tí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè míì ní Áfíríkà jọ ń lò, èyí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018? Ó mọ̀ ọ́n. Dolibarr la mú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló kọ ibi kódù avoir sí i, mo sanwó iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, kò sì tó ìdajì owó sáfà tí wọ́n pè fún mi. Lọ́jọ́ tí avoir àkọ́kọ́ wọlé, ìwé jáde lórí ẹ̀rọ, QR wà nísàlẹ̀ ẹ̀, oníbàárà fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò lójú mi, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi jáde. Orí mi wú! Àwọn aládùúgbò mi ní Ouando ti ń wá wò ó.

Ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn yẹn, mi ò sì ní fi sílẹ̀ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ má tíì béèrè iye owó. Ẹ ní kí wọ́n ṣe facture kan lójú yín, kí wọ́n wá ṣe avoir ẹ̀. Àwọn owó orí ní ibi ìdánwò tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, torí náà kò sí pé "a ò lè dán an wò báyìí."