Bí A Ṣe Ń Fọkàn Sí Iṣẹ́ Pàtàkì Nígbà Tí Fóònù Kò Jẹ́ Ká Gbádùn

Bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Ojúde Ọba sì ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, gbàgede WhatsApp rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, kì í dákẹ́ mọ́: ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ gèlè, ọ̀rọ̀ owó. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ oríkì ìdílé wa sílẹ̀ láti ẹnu ìyá àgbà, iṣẹ́ tí kò ṣeé sún síwájú rárá, nítorí pé ara àgbà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é nìyí.

Ní alẹ́, ẹ kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ó ṣe lówùúrọ̀ sórí ìwé. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé “oríkì”. Ẹ kọ ọ́ pé “ìran bàbá ìyá àgbà, títí dé ibi tí wọ́n ti kó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó”, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé fóònù lọ sí yàrá mìíràn. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí jù lọ, òun náà ni àwọn ènìyàn sì máa ń fẹ́ fò, wọ́n á ní àwọn ti pa ohùn rẹ̀. Ìyẹn kò tó. Nínú ìwádìí kan tí olùkọ́ kan ní Yunifásítì Texas ní Austin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2017, àwọn tí fóònù wọn wà ní yàrá mìíràn ṣe dáadáa nínú ìdánwò ọpọlọ ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo fóònù náà ni wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ohun tó wà nítòsí ń gba agbára lọ́wọ́ wa, nítorí pé a ń fi apá kan ọkàn dá ara wa dúró kí a má baà fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ìpè pàjáwìrì, ẹ lo Do Not Disturb, ètò inú fóònù tí kì í jẹ́ kí ìpè dún, kí ẹ yan àwọn ará ilé tí ìpè wọn lè dún, kí ẹ sì gbé fóònù sí ibi tí etí yín yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ tún lè ṣètò rẹ̀ kí ìpè ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀kejì wọlé: láàárín ìṣẹ́jú 15 lórí Android, láàárín ìṣẹ́jú 3 lórí iPhone.

Ẹ fi aago ògiri ka àkókò. Ìṣẹ́jú 25 ni Francesco Cirillo, ará Ítálì, fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀nà pípín àkókò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pomodoro; ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré lójú tèmi fún iṣẹ́ ìkọ̀wé, ìṣẹ́jú 50 ni mo ń lò. Ohunkóhun tó bá sọ sí yín lọ́kàn, ìbáà ṣe iye tí wọ́n ń ta gààrí, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí ẹ tó dìde, ẹ kọ ìlà kan nípa ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ dá àwọn ẹgbẹ́ yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ aṣọ.