Bí mo ṣe wọn ilé ẹbí wa ní Pópó Àgùdà

Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Tinúbú l'Ékòó. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti kéde ilé náà pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ katakata wó o. Iwájú rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá láti kékeré. Nígbà tí mo dúró níwájú àlàpà rẹ̀, mi ò lè sọ iye fèrèsé tó ní.

Èyí ló mú kí ara mi má lélẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ títa ilé ẹbí ìyá mi ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí. Mo ní bí wọn ó bá tà á, màá ti wọ̀n ọ́n tán.

Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni mo kọ́kọ́ lọ. L'Ékòó, ẹni tó bá gbé téèpù wọ ilé onílé, olùrà ló rán an. Bàbá wò mí títí.

“Ta ló rán ẹ?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹnikẹ́ni ò rán mi, Bàbá. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ ibi tí wọ́n bí yín sí.”

Ó ní kí n lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àǹtí.

Téèpù mítà 30 ni mo lò, ọmọ àbúrò mi sì ń bá mi di orí kejì mú. Mo kọ́kọ́ ń ya yàrá kọ̀ọ̀kan sórí ìwé bí ojú mi ṣe rí i, kí n tó kọ nọ́ńbà sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gígùn àti ìbú nìkan ni mo wọ̀n. Mo délé, mo fẹ́ to àwọn yàrá pọ̀, wọn ò bá ara wọn mu. Ilé àtijọ́ kì í sábà gún. Mo padà lọ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá dọ́gba, yàrá yẹn wọ́ nìyẹn. Ní ti bí ògiri ṣe nípọn tó, ojú fèrèsé ni ẹ ti máa wọ̀n ọ́n.

Ara ọ̀ṣọ́ iwájú ilé ni mo pẹ́ sí jù. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú bọ̀ láti Brazil àti Cuba ló gbé iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà yìí wá sí Èkó. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Bí ẹ bá rí mọ́ṣáláṣí yẹn, ẹ ti rí ìbátan ilé wa: orí fèrèsé tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe. Aago méje àárọ̀ ni mo ń ya fọ́tò, torí oòrùn ń fi ẹ̀gbẹ́ tàn, òjìji á sì jẹ́ kí gbogbo ọnà yọ. Tó bá di ọ̀sán, ògiri á kàn funfun ni. Mo fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ páálí mọ́ ọn, mo sì fi pẹ́ńsùlù tọ etí rẹ̀ kí n lè ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

Àwọn àgbà ńkọ́? Mi ò ní kí wọ́n sọ ìtàn. Mo tan fóònù, mo tẹ̀ lé Àǹtí láti yàrá dé yàrá: “Ta ló ń sùn níbí?” Ẹnu ọ̀nà gbàgede ló ti dúró. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se frejon lọ́jọ́ Good Friday, tí gbogbo wọn á máa fún oje àgbọn sínú ẹ̀wà. Ó sunkún díẹ̀. Mi ò pa fóònù.

Nígbà tí mo gbé àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó fi ìka tọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Kànga dà?”

Mi ò rí kànga kankan níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n gbé òun lọ. Ó rìn dé gbàgede, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dí pa. Mo na téèpù láti igun ilé méjì dé ẹnu ọ̀pá rẹ̀, mo sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀.